Jẹ́lé-ó-sinmi, Ìyá Àdúgbò, Ìyá Àgbà Tàbí Ọmọ Ọ̀dọ̀: Ìfiwéra fún Òbí Tó Ń Dá Tọ́mọ Tó sì Ń Ṣiṣẹ́ l'Ékòó

Nínú ilé tí òbí méjì ti jọ ń tọ́mọ, ẹni tó bá tètè tibi iṣẹ́ dé ni yóò lọ mú ọmọ níbi tí wọ́n fi í sí. Òbí tó ń dá tọ́mọ kò ní ẹni tó lè tètè dé bá a. Bí ó bá ń gbé Ìkòròdú, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island, ó lè kúrò nílé láago márùn-ún ìdájí kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó mú un, kó má sì padà wọlé títí di aago mẹ́jọ alẹ́. Wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ jẹ́lé-ó-sinmi kì í ṣílẹ̀kùn kí aago méje tó lù, tó bá sì di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti ń gbálẹ̀ láti ti ilé wọn. Ohun tó yẹ kí irú òbí bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bá a tọ́jú ọmọ ni iye wákàtí tí owó náà bò, kó tó kan iye owó fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi iye àpẹẹrẹ ṣírò rẹ̀, kí olúkúlùkù wá fi iye tí wọ́n ń gbà ládùúgbò rẹ̀ rọ́pò. Òṣìṣẹ́ tó ń jáde lọ́jọ́ 22 lóṣù, ní wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́, nílò ìtọ́jú ọmọ fún wákàtí 330 lóṣù. Jẹ́lé-ó-sinmi tó ń gba 25,000 náírà lóṣù, tó ń ṣí láago méje, tó ń tì láago márùn-ún, wákàtí 220 péré ló bò níbẹ̀. Bí òbí náà bá wá ń san 15,000 náírà fún ẹlòmíràn tí yóò máa gba ọmọ náà ní ìdájí àti ní ìrọ̀lẹ́, 40,000 náírà ló ń ná, wákàtí kan sì ń lọ sí náírà 121. Obìnrin àdúgbò tó ní òun yóò gba 30,000 náírà fún gbogbo wákàtí 330 náà dà bí ẹni tó wọ́n ju jẹ́lé-ó-sinmi lọ nígbà tí òbí kọ́kọ́ gbọ́ iye rẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan bíi náírà 91 ni wákàtí kan lọ́dọ̀ tirẹ̀. Láti 2024 ni owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà ti di 70,000 náírà. Ẹni tó ń gba iye yẹn tó sì ń san 40,000 ti ná ju ìdajì owó oṣù rẹ̀ lọ kó tó ra ìrẹsì.

Sí èyí ni kí a fi àwọn owó tí wọn kì í kọ sára pátákó: owó fọ́ọ̀mù, aṣọ ilé-ìwé, bẹ́ẹ̀dì tàbí ẹní, páńpásì, tíṣù, oúnjẹ ọ̀sán, àti owó ìtanràn fún òbí tó bá pẹ́ kó tó wá mú ọmọ. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni kí òbí tó ń dá tọ́mọ béèrè dáadáa, nítorí pé òun gan-an ni yóò máa san án jù. Kó tún bi wọ́n bóyá sáà ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi ń gbowó tàbí oṣù. Ibi tí wọ́n ti ń fi sáà gbowó lè dà bí ibi tó dínwó, ká tó rí i pé ìsinmi sáà kò sí nínú rẹ̀, pé òbí yóò tún sanwó ọ̀tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ tí ilé-ìwé bá fi wà ní ọlidé. Ẹni tó bá jẹ́ pé ojoojúmọ́ ló ń rówó lè máa dá àjọ díẹ̀díẹ̀ lọ́dọ̀ alájọ kí sáà tuntun tó dé, kí owó ńlá náà má bàa bá a lójijì.

Jẹ́lé-ó-sinmi tàbí ìyá àdúgbò

Àwọn méjèèjì yìí ló sún mọ́ra jù lọ. Níbi jẹ́lé-ó-sinmi tó dára, àwọn àǹtí tó wà níbẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, bí ara ọ̀kan kò bá sì yá, òmíràn wà tí yóò di ọmọ mú. Wọ́n ní ìwé tí wọ́n fi ń kọ ìgbà tí ọmọ jẹun àti ìgbà tó sùn sílẹ̀, wọ́n á béèrè káàdì àjẹsára, ọ̀gá kan sì wà tí òbí lè bá fẹjọ́ sùn. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ní aago tó ń tẹ̀ lé, ó ní ọlidé, kì í sì í gba ọmọ tí ara rẹ̀ bá gbóná tàbí tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Òfin àìsàn yẹn dára, torí àìsàn kì í pẹ́ ràn níbi tí àwọn ọmọdé bá ti ń fi nǹkan ìṣeré kan náà sẹ́nu. Síbẹ̀ ọjọ́ àìsàn yẹn gan-an ni jẹ́lé-ó-sinmi máa ń wọ́n jù fún ẹni tó ń dá tọ́mọ. Owó ti wọlé sọ́dọ̀ wọn, ọmọ wà nílé, bó bá sì jẹ́ iṣẹ́ ojúmọ́ ni òbí náà ń ṣe, owó ọjọ́ yẹn ti lọ.

Ìyá àdúgbò tí mo ń sọ ni obìnrin tó ń gba ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú pálọ̀ tirẹ̀. Ó lè gba ọmọ láago márùn-ún ìdájí pẹ̀lú aṣọ oorun lọ́rùn, kó wẹ̀ fún un nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, kó sì fún un lóúnjẹ alẹ́. Bí ọkọ̀ bá dúró sójú kan lórí Third Mainland Bridge, ìpè kan ti tó, kò sí owó ìtanràn. Owó rẹ̀ ṣeé dúnàádúrà, àwọn mìíràn sì máa ń gbà á lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ tàbí lójoojúmọ́. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan máa ń ṣe dáadáa lọ́wọ́ irú obìnrin bẹ́ẹ̀, bí àwọn ọmọ tó ń gbà kò bá pọ̀ jù, nítorí pé ọwọ́ kan náà ló ń gbé e láti àárọ̀ di alẹ́. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé òun nìkan ni. Bí òkú bá kú lábúlé rẹ̀, tí ó sì ní láti lọ lọ́jọ́ kejì, kò sí ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀, kò sì sí ọ̀gá tó ń wo iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí òbí kò bá sí nítòsí.

Nítorí náà, ilé rẹ̀ ni kí a fi ojú yẹ̀ wò, kí a má fi mọ sórí ìwà rẹ̀ tó dára nìkan. Ibo ni ike omi wà, ṣé ó ní ọmọrí? Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn lè kú sínú garawa tí omi rẹ̀ kò tó ìdajì. Ibo ni wọ́n ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí? Nínú èéfín rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ olóró kan wà tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn, bí wọ́n bá sì gbé e sí kọ́ridọ̀ tàbí sábẹ́ fèrèsé yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn sí, kí òbí yí padà, bí owó ibẹ̀ tiẹ̀ dínkù tó. Ṣé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni sítóòfù wà? Níbo ni kẹrosíìnì àti oògùn ìfọṣọ wà? Àwọn ìbéèrè yìí kan jẹ́lé-ó-sinmi náà, nítorí mo ti rí ilé ìtọ́jú ọmọ tí wọ́n fi àwòrán ẹyẹ àti ẹja kun ara ògiri rẹ̀ tí jẹnẹrétọ̀ sì ń hó lẹ́nu ọ̀nà.

Kí òbí tún máa wo ojú ọmọ nírọ̀lẹ́. Ọmọ tó ti ṣeré láti àárọ̀ lè sùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fà á lé òbí lọ́wọ́ ni orí rẹ̀ ń yẹ̀, tí kò sì ṣeé jí dáadáa, kí ó béèrè ohun tí wọ́n fún un mu. Àwọn oògùn ikọ́ àti oògùn ara yíyún kan máa ń kun ọmọdé lóorun, àwọn tó ń tọ́jú ọmọ tí kò láájò sì ń lò wọ́n kí ilé lè pa rọ́rọ́. Irú èyí kì í ṣe ohun tí à ń bá ènìyàn dúnàádúrà lé lórí. Kí òbí gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn, kó má sì dá a padà sọ́dọ̀ onítọ̀hún mọ́.

Lẹ́bàá ilé tàbí lẹ́bàá ibi iṣẹ́

Ọ̀pọ̀ kì í tilẹ̀ rò ó pé a lè fi ọmọ sí ẹ̀bá ibi iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ èyí ni ìpinnu tó lè yí ìṣirò náà padà jù lọ. Bí ọmọ bá wà lẹ́bàá ibi iṣẹ́, òbí àti ọmọ ni wọn yóò jọ wọ ọkọ̀ lọ tí wọn yóò sì jọ wọ̀ ọ́ bọ̀, wákàtí ìrìnnà kò ní sí lórí owó ìtọ́jú mọ́, wákàtí iṣẹ́ nìkan ni yóò kù. Àlàfo ìdájí àti ti ìrọ̀lẹ́ tí a ń sanwó ọ̀tọ̀ fún yóò parẹ́. Bí ara ọmọ bá gbóná lọ́sàn-án, òbí lè débẹ̀ kí ìsinmi ọ̀sán tó parí.

Fún ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, àǹfààní rẹ̀ tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà fún un ní ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú lásìkò iṣẹ́, ẹ̀tọ́ tí kò wúlò fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní Ìkòròdú tí òun wà ní Victoria Island. Òfin kan náà ló fún un ní ọ̀sẹ̀ 12 ìsinmi ìbímọ, mẹ́fà ṣáájú ìbímọ àti mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Ti òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ di ọ̀sẹ̀ 16 ní 2018, òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sì ń gba oṣù mẹ́fà fún ọmọ méjì àkọ́kọ́. Ohun tí èyí já sí ni pé òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni lè ní láti wá ẹni tí yóò tọ́jú ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nígbà tí ọmọ òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ yóò ti máa jókòó kí ìyá rẹ̀ tó wá irú ẹni bẹ́ẹ̀. Omi ọmú tí a bá fún sínú fídà lè wà fún wákàtí mẹ́rin níbi tó tutù niwọ̀nba, ṣùgbọ́n yàrá tí kò ní iná l'Ékòó lọ́sàn-án kò tutù tó bẹ́ẹ̀. Kúlà tí yìnyín dídì kún inú rẹ̀ lè tọ́jú rẹ̀ di wákàtí 24, fíríìjì sì lè tọ́jú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin bí iná bá dúró. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà nítòsí kò nílò gbogbo wàhálà yìí.

Kí ló wá burú níbẹ̀? Apá ẹni tó ń gba owó oṣù kékeré kò ká owó jẹ́lé-ó-sinmi ní Victoria Island tàbí Ìkòyí, gbígbé ọmọ wọ dánfó láago márùn-ún ìdájí nínú òjò kì í sì í ṣe eré. Bí ibi iṣẹ́ bá jẹ́ Yábàá, Ìkẹjà tàbí Sùúrùlérè, níbi tí àwọn ilé ìtọ́jú ọmọ olówó pọ́ọ́kú ṣì wà nínú àwọn àdúgbò ẹ̀yìn títì, mo fara mọ́ ẹ̀bá ibi iṣẹ́ láìwo ẹ̀yìn. Ẹni tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin láti Àgbádó lọ sí Oyíǹgbò, tàbí láti Mile 2 lọ sí Marina, tún rí ojú àyè gbé ọmọ ju ẹni tó ń fò mọ́ dánfó lọ. Bí ibi iṣẹ́ bá jẹ́ Erékùṣù, tí ilé sì jìnnà, kí òbí wá obìnrin àdúgbò lẹ́bàá ilé.

Ìyá àgbà

Àwọn èèyàn máa ń ka ìyá àgbà sí ìtọ́jú ọ̀fẹ́, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Màmá tó fi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti wá bá ọmọ rẹ̀ gbé l'Ékòó ti pàdánù owó tirẹ̀. Owó ọkọ̀ rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ àti owó tí yóò máa ná fúnra rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ni yóò san wọ́n. Síbẹ̀, bí a bá pín gbogbo rẹ̀ sí wákàtí, òun ló sábà máa ń kéré jù, nítorí pé gbogbo wákàtí 330 náà ló bò, pẹ̀lú òru àti ọjọ́ àìsàn. Kò sì sí jẹ́lé-ó-sinmi tó lè fi irú ìfẹ́ yẹn wo ọmọ.

Ohun tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ ni omi àti àgbo. Àwọn onímọ̀ ìlera ní kí ọmọ má mu ohunkóhun yàtọ̀ sí ọmú títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà. Ìyá ọmọ á ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un lómi," màmá á sì dáhùn pé, "Omi náà la fi tọ́ ìwọ, ṣé o kú ni?" Ọ̀rọ̀ yìí kì í tán lórí tẹlifóònù. Kí ìyá mú màmá dání lọ sí ibi àjẹsára ọmọ, ní ọ̀sẹ̀ kẹfà tàbí ọ̀sẹ̀ kẹwàá, kí nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ṣàlàyé fún wọn. Àwọn àgbà sábà máa ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu nọ́ọ̀sì ju ẹnu ọmọ wọn lọ.

Kíkó ọmọ lọ bá ìyá àgbà nílé yàtọ̀ sí kí ìyá àgbà wá. Owó tó ń lọ síbẹ̀ ló kéré jù nínú gbogbo ohun tí a ń fi wéra níhìn-ín, ṣùgbọ́n òbí yóò máa rí ọmọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì méjì, bí owó ọkọ̀ bá wà, ọmọ náà yóò sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe ẹlòmíràn ní ìyá. Fún oṣù díẹ̀, nígbà tí òbí bá ń wá iṣẹ́ tàbí ilé tuntun, ó bójú mu. Láti sọ ọ́ di ètò ọdún mẹ́ta, mi ò lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀, àfi bí ilé tí òbí ń gbé bá léwu fún ọmọ.

Bí màmá bá ti dàgbà kọjá ẹni tó lè máa sá tẹ̀lé ọmọ tó ń rìn, kí wọ́n má di gbogbo ẹrù náà rù ú. Jẹ́lé-ó-sinmi ní ọ̀sán, màmá ní ìdájí àti ìrọ̀lẹ́: àpapọ̀ yìí ló dára jù lójú mi nínú gbogbo rẹ̀, fún ẹni tó bá ní màmá tó lè wá.

Ọmọ ọ̀dọ̀

Ọ̀rọ̀ òfin ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí ìpínlẹ̀ Èkó sọ di tirẹ̀ ní 2007, ka ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé, ó sì ka fífi ọmọdé ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé ẹni tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀ léèwọ̀. Òfin tí NAPTIP, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò, ń lò láti 2015 tún ní ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ó kéré tán, tó lè tó ọdún méje, fún ẹni tó bá fi ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Yàtọ̀ sí òfin, ọmọ ọdún 13 tí agẹ́ǹtì mú wá kò lè dá wà pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ fún wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọmọ méjì ló wà nílé láìsí àgbà nígbà náà.

Àgbàlagbà ni kí a gbà, bí a óò bá gbà. Owó oṣù rẹ̀ nìkan kọ́ ni yóò jẹ́ ìnáwó: owó agẹ́ǹtì wà níbẹ̀, oúnjẹ, ọṣẹ, ibi tí yóò sùn, àti owó ilé ìwòsàn bí ara rẹ̀ kò bá yá. Ẹni tó ń gbé yàrá kan ṣoṣo ti mọ̀ pé èyí kò bá òun mu. Kí òbí béèrè nọ́ńbà ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè rẹ̀, kó rí onídùúró lójúkojú, kó sì mọ ilé tí onídùúró ń gbé.

Ibi tí ọmọ ọ̀dọ̀ ti borí àwọn yòókù ni iye ọmọ. Jẹ́lé-ó-sinmi àti ìyá àdúgbò ń gbowó lórí orí ọmọ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé inú ilé kì í sọ owó rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́ta nítorí pé ọmọ mẹ́ta ló ń tọ́jú. Òbí ọlọ́mọ kan, mo máa ní kó fi èyí sí ìkẹyìn, torí pé kò sí àgbà kejì nílé tó ń rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Òbí ọlọ́mọ mẹ́ta lè rí i pé owó ọmọ ọ̀dọ̀ nìkan ni apá òun ká. Kó wá bá obìnrin kan tó wà nínú ọgbà náà sọ̀rọ̀ kó máa yọjú síbẹ̀ lọ́sàn-án, kó má sì sọ ìgbà tí yóò yọjú.

Owó ẹni kejì tó bí ọmọ

Ọ̀pọ̀ òbí ń ṣe gbogbo ìṣirò yìí lórí owó tiwọn nìkan, bẹ́ẹ̀ òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ pé kí àwọn òbí rẹ̀ méjèèjì gbọ́ bùkátà rẹ̀ bí agbára wọn bá ṣe tó, ó sì ṣeé béèrè ní ilé-ẹjọ́ ẹbí. L'Ékòó, kò pọn dandan kó dé ilé-ẹjọ́. Citizens' Mediation Centre, tó wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìpínlẹ̀, ń pe ẹni méjèèjì jókòó lọ́fẹ̀ẹ́, Office of the Public Defender sì ń gba ẹjọ́ ẹni tí kò lówó lọ́yà. Kí òbí kó ìwé owó jẹ́lé-ó-sinmi àti ìwé ilé ìwòsàn dání lọ. Bí ìbínú bá ṣì wà láàárín wọn, ohun tó sábà máa ń rọrùn láti gbà fún ẹni kejì ni kó máa san owó náà tààrà fún ẹni tó ń tọ́jú ọmọ, dípò kó fi í ránṣẹ́ sí ẹni tí wọ́n ti kọ ara wọn.

Kó tó di pé òbí sanwó

Bí ọmọ bá ti ń sún mọ́ ọdún mẹ́ta sókè, kí òbí yọjú sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba tó wà nítòsí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ní kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké, òfin ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ (UBE) ti 2004 sì ka ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọdé mọ́ ara ẹ̀kọ́ tí ìjọba ń pèsè. Wọ́n máa ń tì lọ́sàn-án, nítorí náà ìyá àdúgbò tàbí lẹ́sìnnì ni yóò di ìyókù ọjọ́.

Ibikíbi tó bá yàn, kó san owó ọ̀sẹ̀ kan tàbí oṣù kan kó tó san ti sáà, kó sì yà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ láìsọ fún wọn. Kó kọ orúkọ àwọn tó lè wá mú ọmọ sílẹ̀, kó fi fọ́tò wọn tì í, kó sì sọ pé ẹni tí kò bá sí lórí ìwé yẹn, ìbáà jẹ́ bàbá ọmọ, kí wọ́n pe òun kí wọ́n tó fa ọmọ lé e lọ́wọ́. Kó sì bá ẹnì kan ṣe àdéhùn fún ọjọ́ àìsàn nígbà tí ara ọmọ ṣì le: ará ilé, ọmọ ìjọ, tàbí òbí mìíràn tó ń dá tọ́mọ ládùúgbò kan náà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti alẹ́. Irú ẹni kẹta yìí wúlò ju gbogbo wọn lọ, torí pé òun pẹ̀lú nílò ẹni tí yóò gba ọmọ tirẹ̀ lálẹ́, wọn kò sì ní san kọ́bọ̀ fún ara wọn.